Iyọ̀ Wà Nínú Fíríìjì, Kọ́kọ́rọ́ Wà Lọ́rùn Ìyá Rẹ

Ìgèdè-Èkìtì,
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹwàá, ọdún 1978.

Ẹ̀bùnọlá, ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ Olúmúyìwá, mo kí àwọn ọmọ, mo sì kí àwọn tí ẹ jọ ń gbé ilé yẹn lókè àti nísàlẹ̀, nítorí ìyàlẹ́nu ló ṣì jẹ́ fún mi pé ènìyàn lè máa sùn lókè orí ẹlòmíràn, kí ilẹ̀ mọ́, kí àwọn méjèèjì sì kí ara wọn láìsí ìjà. Ṣé ara le? Ṣé òjò Èkó kò wọlé bá yín? Ọlọ́run tó ṣọ́ yín dé òní kò ní gbójú kúrò lára yín. Àwa náà dúpẹ́, a wà láàyè, a ń jẹ, a ń mu, àmọ́ ọ̀rọ̀ jíjẹ àti mímu yìí gan-an ni mo fẹ́ bá ọ sọ, nítorí náà wá ibi jókòó sí dáadáa.

Lẹ́tà rẹ dé, fíríìjì náà sì dé. Akínbọ́lá awakọ̀ ló gbé e wá lórí ọkọ̀ rẹ̀, àwọn ọkùnrin àdúgbò bá wa gbé e wọ pálọ̀, wọ́n sì jókòó tì í títí ilẹ̀ fi ṣú. Mo rí kọ́kọ́rọ́ tí o so mọ́ ọn, mo sì kà á nínú lẹ́tà rẹ pé o fi ìkejì rẹ̀ pa mọ́ sọ́dọ̀ rẹ ní Èkó, bóyá tèmi lè sọnù. O ní kí n máa kó ẹ̀fọ́ àti ẹja tútù sínú rẹ̀ fún ìyá rẹ, kí n má baà máa sáré lọ ọjà ní gbogbo ìgbà. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Òpó iná ti wà níwájú ilé wa láti ìgbà Àjíǹde, wáyà rẹ̀ nìkan ni a ń retí, ṣùgbọ́n n kò rò pé ìyẹn kan fíríìjì, nítorí mo ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀ lọ́jọ́ tó dé, ó sì tutù. Mo kó ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ sí i, mo pa ilẹ̀kùn rẹ̀ dé kí òtútù náà má baà jáde, mo sì kìlọ̀ fún gbogbo ilé pé kí ẹnikẹ́ni má ṣí i títí òtútù yóò fi pọ̀ tó. Nígbà tí mo wá ṣí i, ohun tí mo bá níbẹ̀ kì í ṣe ẹ̀fọ́ mọ́, n kò sì ní júwe rẹ̀ fún ọ nínú lẹ́tà. Akínbọ́lá ní iná mànàmáná ló fẹ́. Èmi ní ó rẹ̀ ẹ́ ni, ọ̀nà Èkó jìn. Mo ti fi aṣọ funfun bò ó kó lè sinmi. Má rò pé owó rẹ ṣòfò o, nítorí fíríìjì yẹn ti ṣe iṣẹ́ tí àpótí kankan kò ṣe rí nínú ilé yìí, wàá gbọ́ ọ níwájú.

Ní ti ìyá rẹ, ohun tí mo kọ sí ọ lọ́jọ́sí kúrú, nítorí n kò fẹ́ kí o máa sunkún níbi iṣẹ́. Òtítọ́ rẹ̀ ni pé òòyì kọ́ ọ lójú ọ̀nà oko, ó ṣubú, iṣu tó rù fọ́n ká sínú koríko, nígbà tí mo sì gbé orí rẹ̀ lé itan mi, ó ń wò mí bí ẹni pé kò rí mi rí. Ó pẹ́ kí ó tó pe orúkọ mi. A gbé e lọ sí ọsibítù ní Adó. Nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Olúbùnmi, ọmọ Ìjàn, ọmọ tó mọ èèyàn kí, so aṣọ dúdú kan mọ́ ọn lápá, ó wá ń fún afẹ́fẹ́ sí i bí ẹni ń fún táyà kẹ̀kẹ́. Mo ń wò ó. Aṣọ náà ń wú, ojú ìyá rẹ náà ń wú. Ìgbà tí ó ṣe, dókítà wo nǹkan kan tó ń gùn sókè nínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́, ó ní ẹ̀jẹ̀ ìyàwó mi ti ga jù.

Mo bọ́ fìlà mi, mo fi ọ̀wọ̀ sọ fún un pé dókítà, ẹ má bínú, nígbà tí a dé ibí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wà níbi tó yẹ, ojú gbogbo wa báyìí ni ọmọ yìí ṣe fún un sókè, tí ẹ bá lè bá wa tú afẹ́fẹ́ yẹn sílẹ̀ yóò wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Nọ́ọ̀sì náà sì tú u lóòótọ́, ó dún fìì. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo na ọwọ́ sí ìyá rẹ pé kó dìde kí a máa lọ sílé kí mọ́tò má baà fi wá sílẹ̀. Dókítà ní kí n jókòó.

Ó wá sọ ọ́ fún mi jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ríru ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́. Ó ní kí ó máa lo oògùn rẹ̀, kí iyọ̀ sì kúrò nínú oúnjẹ rẹ̀, àti iyọ̀ àti mágí àti sàdín inú agolo, nítorí tí ẹ̀jẹ̀ náà bá ń ru bẹ́ẹ̀, ó lè di ọjọ́ kan kí apá kan ara rẹ̀ má gbọ́ràn sí i lẹ́nu mọ́, kí ọ̀rọ̀ sì wọ́n ọn lẹ́nu. O rántí ìyá Adébíyìí tí wọ́n máa ń gbé jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n ń fi ṣíbí bọ́. Òun ló wá sí mi lójú. Ẹ̀rù bà mí, Ẹ̀bùn. Mo ti bá obìnrin yìí gbé láti ìgbà tí àwọn òyìnbó ṣì ń gba owó orí lọ́wọ́ wa, n kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń dá gbé ilé. Nínú mọ́tò ni mo ti búra pé iyọ̀ kò ní kan ahọ́n rẹ̀ mọ́ níwọ̀n ìgbà tí mo bá wà láàyè.

O mọ̀ pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, ohun tí mo mọ̀ nípa ilé ìdáná kò ju ẹnu ọ̀nà tí oúnjẹ ń gbà jáde lọ. Mo wọ inú rẹ̀. Èéfín lé mi jáde, mo tún wọlé. Ọlátúndé tó ń gbé lẹ́yìn ilé wa yọ orí sókè lójú ọgbà, ó bi mí bóyá kí òun máa pè mí ní ìyàwó láti òní lọ, mo ní tó bá ti rí owó orí mi kó mú un wá. Mo dáná méjì. Ìkòkò kan jẹ́ ti ìyá rẹ, kò sí iyọ̀, kò sí mágí. Ìkòkò kejì jẹ́ tèmi, nǹkan gbogbo pé síbẹ̀, nítorí ẹni tí ara rẹ̀ dá kò ní ohun tí yóò fi oògùn ẹlòmíràn ṣe. Mo gbé tirẹ̀ síwájú rẹ̀, mo gbé tèmi síwájú mi, mo gbàdúrà sí méjèèjì.

Ìyá rẹ tọ́ ọ wò, ó gbé ojú sókè, ó bi mí pé kí ni òun fi ṣe mí. Mo ní kì í ṣe èmi, dókítà ni. Ó ní ṣé dókítà ló wà nídìí ààrò láti àárọ̀ ni. Ó fi ọwọ́ kan òkèlè díẹ̀, ó da àwo dé e, ó kọjú sí ògiri. Ọjọ́ kejì bẹ́ẹ̀ náà ni, ọjọ́ kẹta bẹ́ẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Mo bẹ̀ ẹ́, mo bínú, mo tún bẹ̀ ẹ́. Mo wí fún un pé ẹ̀jẹ̀ tó ń ru kò burú tó ebi, ó ní kí n lọ sọ fún dókítà.

Lẹ́yìn náà ni mo ṣàkíyèsí pé iyọ̀ tí mo fi ń se tèmi ń dín kù. Mo rò pé eku ni. Mo dẹ pàkúté sí i, kò mú nǹkan. Ọjọ́ ìsinmi kan, a wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n gbé igbá ọrẹ dé ọ̀dọ̀ wa, ìyá rẹ tú etí ìró rẹ̀ kó lè mú owó ọrẹ tó ṣẹ́ síbẹ̀, iyọ̀ sì dà sórí bẹ́ńṣì wàràwàrà. Gbogbo ìjọ rí i. Bàbá Ìjọ wa, Ilésanmí, tí kò mọ nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀, rò pé ẹ̀jẹ́ ni ó wá san, ó sì gbàdúrà gígùn sí i pé Olúwa yóò gbà á. Mo ṣe àmín nítorí ojú èèyàn. Bí a ṣe délé ni mo kó gbogbo iyọ̀, mágí àti agolo sàdín tó wà nílé sínú fíríìjì rẹ, mo tì í pa, mo fi okùn kọ́ kọ́kọ́rọ́ sọ́rùn mi. Kọ́kọ́rọ́ Èkó lágbára, ọmọ mi. Ìyá rẹ fi ìdí ṣíbí gbìyànjú, kò ṣí. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ fún ọ pé owó rẹ kò ṣòfò.

O lè rò pé ọ̀rọ̀ ti tán níbẹ̀. Kò tán, nítorí àwọn tó ń bẹ̀ ẹ́ wò kò wá lọ́wọ́ òfo. Àbúrò mi Monínúọlá, ìyá Bọ́sẹ̀, ló kọ́kọ́ wá. Ó ru uyán wá pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí àti ẹran ìgbẹ́, ó ní òun gún un fún ìyàwó àwọn kó lè jèrè ara rẹ̀ padà. Mo ní a dúpẹ́, ṣùgbọ́n kò ní lè jẹ ẹ́. N kò tíì sọ ìdí rẹ̀ tán tí ojú rẹ̀ fi yí padà. Ìwọ náà mọ ìlú wa. Ẹni tó bá kọ oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ nígbà àìsàn ti sọ ohun tó rò nípa ọwọ́ rẹ. Ó gbé abọ́ rẹ̀ ru, ó ní òun kò mọ̀ pé òun ti di ẹni tí wọ́n ń ṣọ́ra fún, ó sì lọ. Láti ọjọ́ náà, tó bá ń lọ ọjà, ẹ̀yìn ilé àwọn Ọlátúndé ló ń gbà kó má baà kọjá níwájú wa. Ó dun ìyá rẹ ju àìsàn lọ, nítorí àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń ta irè oko láti ìgbà tí o wà lẹ́yìn ìyá rẹ.

Mo ronú sí i. Ìyá rẹ kò gbọdọ̀ jẹ oúnjẹ náà, a kò sì gbọdọ̀ kọ̀ ọ́. Kí ló kù? Ó ku èmi. Láti ìgbà yẹn, ẹnikẹ́ni tó bá gbé oúnjẹ wá, mo ń fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, mo ń wọ yàrá lọ, mo ń jẹ ẹ́ nítorí àlàáfíà ìdílé, mo sì ń dá abọ́ wọn padà fún wọn ní òfìfo pé aláìsàn dúpẹ́. Inú gbogbo wọn dùn. Wọ́n ń sọ láàárín ara wọn pé oúnjẹ ń wọlé fún un, wọ́n sì ń gbé púpọ̀ sí i wá. Lẹ́yìn uyán àwọn èèyàn, mo tún ń jẹ ti ìkòkò tèmi kó má baà bàjẹ́. Iṣẹ́ ńlá ni, Ẹ̀bùn, kò sí ẹni tó bá mi dá sí i. Okùn ṣòkòtò mi kò so mọ́ dáadáa, mo sì ní ó dà bíi pé àníyàn ló ń wú mi níkùn.

Ọjọ́ tí a padà lọ sí Adó, ẹ̀jẹ̀ ìyá rẹ ti wálẹ̀ díẹ̀. Dókítà yìn wá, ṣùgbọ́n ó ní kí ló dé tó rù báyìí, ó ní òun ní kó yẹra fún iyọ̀ ni, òun kò ní kó yẹra fún oúnjẹ. Mo dìde, mo ròyìn gbogbo làálàá mi fún wọn, ìkòkò méjì, fíríìjì, kọ́kọ́rọ́, mo sì fi kọ́kọ́rọ́ hàn wọ́n lọ́rùn mi. Nọ́ọ̀sì Olúbùnmi wò mí láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó rọra ní bàbá, ẹ jẹ́ kí n wo tiyín náà. Mo gbà tayọ̀tayọ̀, nítorí àwọn aláìsàn mìíràn wà níjòókòó, mo sì rò pé yóò dára kí wọ́n rí bí ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ara rẹ̀ le ṣe ń rí. Ó fún aṣọ náà. Ó wo ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ náà. Ó tú u, ó tún fún un. Mo ní ọmọ mi, má ṣe fún un ju bó ṣe yẹ lọ. Ó pe dókítà. Dókítà gbé e sí apá mi kejì.

Wọ́n ní tèmi ga ju tirẹ̀ lọ.

Mo ní ẹ̀rọ náà ni ó rẹ̀, gẹ́gẹ́ bó ṣe rẹ fíríìjì. Ohùn kan sì sọ nínú yàrá náà. Ìyá rẹ ni. Ó ń rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó di ara mú mọ́ tábìlì nọ́ọ̀sì, àwọn aláìsàn náà bá a rẹ́rìn-ín láìmọ ìdí rẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti ṣubú lọ́nà oko, n kò tíì gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀. Inú ń bí mi, inú mi sì ń dùn, n kò mọ èwo ni kí n fi ojú mi ṣe. Bí mo ṣe ń rò ó lọ́wọ́, ó na ọwọ́ sí mi lọ́rùn níwájú gbogbo wọn, ó bọ́ kọ́kọ́rọ́, ó sì fi í kọ́ ọrùn ara rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ti yí padà nílé wa láti ìgbà náà. Ìyá rẹ ti gba ilé ìdáná rẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó ní kí n má ṣe dé ibẹ̀ mọ́ àfi tí ilé bá ń jó. Ìkòkò kan ṣoṣo ló ń gbé kaná. Ó ń fi ata, àlùbọ́sà, ata ilẹ̀ àti èfìnrín tí ó gbìn sẹ́yìn ilé ṣe ọbẹ̀, a sì ń fún ọsàn wẹ́wẹ́ sórí ẹja, inú àwo kan náà ni a sì ti ń jẹun. Mo bi í pé kí ló dé tí ó fi ń gbé e mì báyìí, tí kò gbé e mì nígbà tí èmi sè é. Ó ní kì í ṣe iyọ̀ ló há òun lọ́fun nígbà náà. Ó ní òórùn ìkòkò tèmi ni. Ó ní òun jókòó síwájú ọkọ òun bí ẹni tí wọ́n yà sọ́tọ̀ nítorí àrùn, ọkọ òun sì ń pọ́n ìka lá níwájú òun. Mo rò pé ìtọ́jú ni mo ń ṣe.

Òun náà ló lọ bá ìyá Bọ́sẹ̀ nílé. Ó ṣàlàyé gbogbo ọ̀rọ̀ náà fún un, ó sọ fún un ẹni tó jẹ ẹran ìgbẹ́ gbogbo àdúgbò tán, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fi gòkè ju ti aláìsàn lọ. Wọ́n ní ìyá Bọ́sẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Nísinsìnyí, tó bá ń se ọbẹ̀, ó máa ń kọ́kọ́ bu tiwa sọ́tọ̀ kí iyọ̀ tó wọ ìkòkò, ó sì ń gbé e wá fúnra rẹ̀, iwájú ilé ló ń gbà. Àwọn obìnrin yòókù rí i, wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Kò sí ẹni tó tún ń kọ oúnjẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n wọ́n ń dúró wò ó pé ìyá rẹ ló ń jẹ ẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe fún wa nìyí. Jọ̀wọ́ fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún mọ́tò Adó àti oògùn, ẹni méjì ni wá tí a ń lo oògùn báyìí. Fi lé Akínbọ́lá lọ́wọ́, má ṣe fi sí báńkì mọ́. Ìgbà tí o fi sí i lọ́jọ́sí, mo lọ gbà á ní Adó, ọmọkùnrin ibẹ̀ ka owó titun fún mi, mo ní èyí kọ́, owó tí ọmọ mi fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó fún yín ní Èkó ni kí ẹ fún mi, ó ní gbogbo owó kan náà ni. Tó bá jẹ́ pé kan náà ni, kí wọ́n fi tèmi hàn mí. Má fi sàdín ránṣẹ́. Bá mi bi àwọn oníná ní Èkó bóyá wọ́n ti ń kó wáyà bọ̀, tí fíríìjì bá sinmi tán.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan, àárín èmi àti ìwọ ló wà. Kọ́kọ́rọ́ kejì tó wà lọ́dọ̀ rẹ yẹn, jọ̀wọ́ wá a rí, dì í sínú ìbọ̀sẹ̀ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ, kí Akínbọ́lá fi lé mi lọ́wọ́ nígbà tí ìyá rẹ kò sí nítòsí. Kì í ṣe pé mo fẹ́ fi iyọ̀ ṣe ohun ńlá. Ìwọ̀n tí ọmọ ìka kan lè gbé ni, torí ọjọ́ ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì ń bọ̀, èèyàn a sì máa rántí adùn iyọ̀.

Mo dá bírò dúró díẹ̀ nítorí ìyá rẹ pè mí wá jẹun. Mo ti padà dé. Ẹ̀fọ́ àti ẹja ni. Nígbà tí mo débẹ̀, ó ti jókòó ti àwo, kò tíì fi ọwọ́ kàn án, èmi ló ń dúró dè. Mo mú òkèlè, ó mú òkèlè. Ó ń wo ojú mi, nítorí náà mo ní ó dùn. Ó ní irọ́ ni mo ń pa, ó rẹ́rìn-ín, ó tún mú òmíràn. A jẹ ẹ́ tán, ọmọ mi. Ó fi òkèlè ìkẹyìn nu àwo náà mọ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí ìdí àwo ìyá rẹ gbẹ̀yìn.

Nítorí náà, ohun tí mo kọ sókè yìí nípa kọ́kọ́rọ́, bírò ni mo fi kọ ọ́, n kò lè pa á rẹ́, n kò sì ní ìwé mìíràn. Ṣe bí ẹni pé o kò rí i. Lọ ju kọ́kọ́rọ́ náà sínú ọ̀sà.

Ọlọ́run yóò jẹ́ kí o rí ẹni tí yóò máa dúró dè ọ́ kó tó fọwọ́ kan oúnjẹ. Àwọn ọmọ rẹ yóò tọ́jú rẹ lọ́jọ́ alẹ́ rẹ, bí o ṣe ń tọ́jú wa. Ẹsẹ̀ rẹ kò ní yẹ̀ níbi iṣẹ́, àìsàn kò ní mọ ọ̀nà ilé yín, ayọ̀ ni a ó fi rí ara wa ní ìkórè. Ìyá rẹ kí ọ. Ìyá Bọ́sẹ̀ kí ọ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ọmọ́níyì.

Tí ọ̀sà bá jìn sí ilé yín, fún ọkọ rẹ ní kọ́kọ́rọ́ náà kó fi pa mọ́, kí ó má sì sọ ibi tó wà fún mi, bí mo tilẹ̀ tún kọ lẹ́tà wá bẹ̀ ẹ́.